Iná Tí Kò Láṣẹ

Ọ̀gá Delbert Wojcik fún mi ní ìwé kan,
ó ní kí n kà á tán kí n tó fọwọ́ sí i.
Mo kà á lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi, lẹ́yìn gáréèjì,
òjò dídì ń jábọ́ sórí ọ̀rọ̀, ó ń sọ yíǹkì di omi.

Ìwé ní: iná kan ṣoṣo, búlúù.
Pupa kì í ṣe tìrẹ. Ti ọkọ̀ ńlá ni pupa,
èyí tó ru omi, tó ru àkàbà.
Ìwé ní: o ò gbọdọ̀ so fèrè mọ́ ọn.
Ìwé ní: bí o kò bá lọ síbi iná, má tan iná.
Ìwé ní: ẹni tó wà níwájú rẹ lè yà, ó lè má yà,
kò ṣẹ̀ ọ́.
Ẹ̀bẹ̀ ni búlúù ń bẹ̀.

Delbert ń fi àkísà nu ọwọ́.
“Ẹni tí yóò paná,” ó ní, “ìdí iná ni yóò kọ́kọ́ dé.
Mo ti gbé ẹni méjì tí kò débẹ̀ jáde nínú kòtò.”

Mo fọwọ́ sí i. Mo ra iná náà ní dọ́là márùndínlógójì,
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí iwájú.
Ọmọ mi Tessa ní ó jọ ojú ológbò tí kò rí oorun sùn.

Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú oṣù kejì,
ẹ̀rọ ìpè ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí:
àká koríko ń jó, ọ̀nà Sawkill, ọgbà àwọn Pelkey.
Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀.

Ní ìkòríta, iná ojú pópó pọ́n, ó dá mi dúró.
Kò sí èèyàn. Kò sí ajá.
Iná dojú kọ iná,
ọ̀kan ń pàṣẹ, ọ̀kan ń bẹ̀bẹ̀,
ẹ̀kẹta sì wà lẹ́yìn òkè, ó ń pọ́n ojú ọ̀run:
ìyẹn kì í bẹ̀bẹ̀, kì í sì í gbọ́ àṣẹ.

Lẹ́yìn afárá ni mo bá ọkọ̀ eléérú kan.
Ogún máìlì ni ó ń sá ní wákàtí, bí ẹní ń sìnkú.
Mo ń ṣẹ́ búlúù sí i, ṣẹ́, ṣẹ́, ṣẹ́.
Kò yà.
Yìnyín wà lápá ọ̀tún, ìlà méjì láàárín títì,
n kò lè kọjá.
Mo bú u. Mo bú ìyá tó bí i.
Ọwọ́ mi lọ sórí họ́ọ̀nù, mo kó o kúrò,
ó tún padà lọ.
Máìlì mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni iná òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú,
ó sì yà sínú àgbàlá tí mò ń lọ gan-an.

Eunice Pelkey ni ó sọ̀ kalẹ̀,
ẹ̀wù àwọ̀sùn lábẹ́ kóòtù, bàtà méjì tí kì í ṣe ìkejì ara wọn.
Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn
ni aládùúgbò ti tẹ̀ ẹ́ láago.

Màlúù mọ́kàndínlógún jáde.
Méjì kò jáde.
N kò béèrè ìṣẹ́jú tí àwọn méjì náà ṣubú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé kọfí wá fún mi nínú ife tó ti ṣán lẹ́nu.
“Ìwọ ni búlúù yẹn?”
Mo ní èmi ni.
“Mo rí ọ nínú dígí mi láti ibi afárá.
Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n yà.
Ṣùgbọ́n bí mo bá yà, wàá kọjá lọ,
á wá ku èmi àti òkùnkùn.”

N kò sọ ohun tí mo ti fẹnu mi wí lọ́nà.
Delbert ń ká rọ́bà omi, omi inú rẹ̀ ti ń dì.

Ìwé ní: bí o bá ń padà bọ̀, pa á.
Mo jẹ́ kí ó máa ṣẹ́jú
títí mo fi kọjá géètì rẹ̀.